Irmã Dulce, Ẹni Mímọ́ Àwọn Tálákà Bahia

Irmã Dulce ni sístà Kátólíìkì tí ó fi ohun tó lé ní 50 ọdún tọ́jú àwọn aláìsàn àti àwọn aláìní ní Salvador, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Bahia ní Bùràsíìlì. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 26 oṣù May, ọdún 1914. Ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù March, ọdún 1992. Ní ọjọ́ 13 oṣù October, ọdún 2019, Póòpù Francis kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n bí sí Bùràsíìlì tí ìjọ Kátólíìkì ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Santa Dulce dos Pobres ni wọ́n ń pè é báyìí, ìyẹn Dulce Mímọ́ ti Àwọn Tálákà.

Kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Ìlú tí ó ti ṣiṣẹ́ ni ó mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn wá. Salvador wà lára ibi tí wọ́n kó àwọn baba ńlá wa lọ gẹ́gẹ́ bí ẹrú, pàápàá ní ìdajì àkọ́kọ́ nínú àwọn ọdún 1800, nígbà tí ogun ń jà nílẹ̀ Yorùbá. Nagô ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, láti ara Ànàgó. Ọdún 1888 ni òfin fi òpin sí oko ẹrú ní Bùràsíìlì, ọdún 26 péré kí wọ́n tó bí Dulce. Òfin dá wọn sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ilẹ̀, kò sí owó tí ìjọba fi lé wọn lọ́wọ́. Nítorí náà, púpọ̀ nínú àwọn tí Dulce ń bá pàdé lórí ìdúró ní ojú pópó jẹ́ ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn ẹrú náà. Àwọn mìíràn nínú wọn ti padà wá sí Èkó àti etí òkun Benin ṣáájú ìgbà yẹn. Àwọn ni à ń pè ní Àgùdà. Ẹ̀sìn Kátólíìkì ni púpọ̀ nínú wọn mú bọ̀, ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pe ìjọ náà ní Ìjọ Àgùdà títí di òní. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà yín.

Maria Rita ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Bàbá rẹ̀ jẹ́ dókítà eyín tí ó tún ń kọ́ni ní yunifásítì, nítorí náà wọn kò mọ ebi nílé wọn. Ọmọ tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ni, ó sì máa ń bá bàbá rẹ̀ lọ wo Ypiranga, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí àwọn òṣìṣẹ́ ń ṣe lẹ́yìn. Ọmọ ọdún 7 ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 13, àǹtí rẹ̀ kan mú un lọ sí àdúgbò àwọn tálákà, ohun tí ó rí níbẹ̀ kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn alágbe àti aláìsàn sí ẹnu ọ̀nà ilé wọn ní àdúgbò Nazaré, ó ń wẹ ojú egbò wọn, ó sì ń gé irun wọn. Ó fẹ́ wọ ilé àwọn sístà láti ìgbà náà, àmọ́ wọ́n ní ó ṣì kéré jù.

Ó kọ́kọ́ kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ tíṣà. Ọdún 1933 ni ó wọ ẹgbẹ́ àwọn sístà kan ní São Cristóvão, ní ìpínlẹ̀ Sergipe, ibẹ̀ ni ó sì ti mú orúkọ tuntun. Dulce ni orúkọ ìyá rẹ̀ tó ti kú. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni “adùn”, ẹ sì lè ronú kan Adùnní tàbí Adùnọlá bí ẹ bá ń wá èyí tí ó sún mọ́ ọn ní èdè wa. Irmã ní tirẹ̀ ni “arábìnrin”, bí a ṣe ń sọ pé “Sístà”.

Nígbà tí ó padà sí Salvador, Alagados ni ó doríkọ. Àdúgbò orí omi ni: wọ́n ri òpó igi mọ́ ẹrẹ̀, wọ́n kọ́ ahéré lé e, omi òkun sì ń wọlé ó ń jáde lábẹ́ ilé. Ó bá fáda ará Jámánì kan, Hildebrando Kruthaup, dá ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n kọ́ ilé sinimá kí owó tíkẹ́ẹ̀tì lè máa gbọ́ bùkátà ẹgbẹ́ náà. Ní ọdún 1939, ó ṣí ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn ọmọ wọn.

Ọdún 1939 yìí kan náà ni ọ̀ràn ilé bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ọmọkùnrin kan tí ara rẹ̀ kò yá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má jẹ́ kí òun kú sí ìta. Kò ní ibi tí yóò gbé e sí. Àwọn ilé òfìfo kan wà ní ibi tí wọ́n ń pè ní Erékùṣù Àwọn Eku, ó sì ní kí wọ́n já ilẹ̀kùn ọ̀kan. Kò pẹ́ tí àwọn aláìsàn mìíràn fi kún un, tí ilé kan di márùn-ún. Ẹ kíyè sí i: ilé onílé ni. Wọ́n lé wọn jáde. Ó kó àwọn aláìsàn rẹ̀, ó tún wá ibòmíràn, wọ́n tún lé wọn. Ìgbà kan wà tí wọ́n sùn sábẹ́ àwọn ọ̀nà tí a fi bíríkì tẹ̀ bí ọrun ní ìsàlẹ̀ òkè Bonfim, òkè tí ìjọ olókìkí wà lórí rẹ̀, tí àwọn olórìṣà Bahia sì so mọ́ Òòṣàálá. Ìjọba ìlú ní kí wọ́n kúrò níbẹ̀ náà. Ọdún 10 ni wọ́n fi ń ká kiri báyìí, sístà kúkurú, tẹ́ẹ́rẹ́, àti agbo àwọn tí ilé ìwòsàn kò gbà.

Ní ọdún 1949, ó lọ bá ìyá àgbà àwọn sístà ní ilé wọn, Santo Antônio. Ilé adìẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà. Ó tọrọ rẹ̀, wọ́n fún un, ó sì kó aláìsàn 70 wọ ibẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n béèrè pé àwọn adìẹ ńkọ́, ó dáhùn pé wọ́n ti di omi ọbẹ̀ nínú ikùn àwọn aláìsàn. Láti inú ilé adìẹ yẹn ni ilé ìwòsàn Santo Antônio ti dìde. Ọdún 1959 ni iṣẹ́ náà di ẹgbẹ́ tí òfin mọ̀, ọdún 1983 sì ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ńlá tuntun.

Ta ló ń san owó rẹ̀? Ọ̀rọ̀ Yorùbá méjì yóò wúlò fún yín níbí. Ẹni tó bá “tọrọ” nǹkan, ó béèrè rẹ̀ pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀. Ọmọ lè tọrọ owó lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ojú kò sì tì í. Ẹni tó bá “ṣagbe”, ó nawọ́ lójú gbogbo ayé. Dulce ṣe méjèèjì. Ó ń rìn láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ nínú ọjà, ó ń gba ẹ̀wà, ẹran, aṣọ, oògùn. Ìtàn kan wà tí àwọn ará Bahia fẹ́ràn: oníṣòwò kan tutọ́ sí i lọ́wọ́. Ó nu ún nù, ó ní ìyẹn jẹ́ ti òun, kí ọkùnrin náà wá fún àwọn tálákà ní tiwọn. Wọ́n máa ń sọ irú ìtàn yìí nípa àwọn ẹni mímọ́ mìíràn náà, nítorí náà ẹ gbà á bí ìtàn tí ìlú ń sọ nípa ẹni tí wọ́n mọ̀ dáadáa.

Ọ̀dọ̀ àwọn olówó ńlá àti àwọn alágbára ni ó tún ń lọ, àti ní ìgbà tí sójà ń ṣèjọba Bùràsíìlì láti ọdún 1964 sí 1985. Kì í bá wọn jiyàn òṣèlú. Àwọn kan dá a lẹ́bi pé ó ń fọwọ́ kan ohun tí òṣì fà, kò fọwọ́ kan ẹni tó fà á. Ẹ̀sùn náà kì í ṣe kékeré, n kò sì ní í fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní aláìsàn 70 nínú ilé adìẹ lálẹ́ òní kò lè sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró de ìgbà tí ìjọba bá yí padà. Fún un, ẹni tó wà nílẹ̀ ló kọ́kọ́ kàn.

Ẹ tún wo ohùn orí ọ̀rọ̀ méjì yìí: “ìṣẹ́” ni òṣì, “iṣẹ́” ni ohun tí à ń ṣe. Àmì kan péré ló yà wọ́n, nítorí náà ẹ má fi ojú fo àmì ohùn.

Ara Dulce fúnra rẹ̀ kò le. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti bàjẹ́ gan-an fún ọ̀pọ̀ ọdún, díẹ̀ nínú rẹ̀ ló sì ń ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, nígbà tí oyún ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo tó mọ́ ọn lọ́kàn jù, Dulcinha, fẹ́ mú ẹ̀mí lọ, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí ó bá là á já, orí àga igi ni òun yóò máa sùn. Dulcinha yè é. Nǹkan bí 30 ọdún ni Dulce fi sùn lórí àga náà, kí àwọn dókítà tó ní ó tó. Kì í ṣe àwọn olówó nìkan ló bá a jà. Láti àárín àwọn ọdún 1960, fún bí ọdún 10, ìta ìlànà ẹgbẹ́ àwọn sístà rẹ̀ ni ó gbé kí ó má baà fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kí wọ́n tó gbà á padà. Láàárín gbogbo èyí, ó ṣì máa ń gbé dùùrù kọ́ àyà, irú èyí tí wọ́n ń fà tí wọ́n sì ń tì kí ó tó dún, ó sì ń kọrin fún àwọn aláìsàn.

Wọ́n dá orúkọ rẹ̀ fún Ẹ̀bùn Nobel fún Àlàáfíà ní ọdún 1988, ṣùgbọ́n kò rí i gbà. Póòpù John Paul Kejì pàdé rẹ̀ ní Salvador ní ọdún 1980. Nígbà tí ó padà wá ní October 1991, orí àìsàn ni Dulce wà, Póòpù sì lọ bẹ̀ ẹ́ wò lórí ibùsùn. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà ni ó kú, ní ọmọ ọdún 77. Wọ́n gbé e dé ipò ẹni ìbùkún ní ọdún 2011, ó ku ọdún 8 kí ó tó di ẹni mímọ́. Ọjọ́ 13 oṣù August ni àwọn Kátólíìkì ń ṣe ìrántí rẹ̀.

Bí ẹ bá dé Salvador, àdúgbò Roma ni kí ẹ béèrè. Ilé ìwòsàn náà ṣì ń gba aláìsàn láìgba kọ́bọ̀. Ìjọ tí wọ́n sin ín sí dúró ní ibi tí ilé sinimá àwọn òṣìṣẹ́ wà tẹ́lẹ̀, àga igi náà sì wà nínú ilé ìrántí rẹ̀ nítòsí.