Ẹni Tó Gbin Ọgbà Erékùṣù Brissago

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó gbin igi ló ń jókòó sábẹ́ ibòòji rẹ̀. Ní ẹsẹ̀ àwọn òkè Alps ni adágún Maggiore wà, láàárín Switzerland àti Ítálì. Ní ọdún 1885, Antoinette de Saint Léger àti ọkọ rẹ̀ ra erékùṣù méjì inú adágún náà. Omi ńlá yìí kì í jẹ́ kí òtútù ibẹ̀ le jù, nítorí náà ni ìyáàfin yìí ṣe gbin igi ilẹ̀ olóoru síbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ní 1927, ó ta erékùṣù náà fún Max Emden, oníṣòwò ará Jámánì. Inú ìṣẹ́ ló kú sí ní 1948. Ní 1950, wọ́n ṣí ọgbà náà fún gbogbo ènìyàn. Ilẹ̀ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò parun.