Ilé-Ìkàwé Ewì ti Skọ́tíláǹdì

Ilé-Ìkàwé Ewì ti Skọ́tíláǹdì wà nílùú Edinburgh, ní Crichton's Close, ọ̀nà tóóró kan tó yà kúrò lára òpópónà Canongate. Ewì ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Akéwì kan, Tessa Ransford (1938–2015), ló ṣíwájú àwọn tó jìjàkadì kó tó di pé wọ́n ṣí i lọ́dún 1984. Tweeddale Court ni wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìwé bí 300. Lọ́dún 1999 ni wọ́n kó lọ sí ilé tí Malcolm Fraser yàwòrán rẹ̀ fún iṣẹ́ yìí gan-an.

Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé, ọ̀fẹ́ náà sì ni yíyá ìwé. Ewì Gẹ̀ẹ́sì, ti Scots àti ti Gaelic (èdè ìbílẹ̀ Skọ́tíláǹdì méjì) jọ wà níbẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì, torí àwọn tó ń sọ Gaelic ti dín kù gan-an, èdè tí kò bá sì rí ibi kó ìwé rẹ̀ sí, ọwọ́ ọmọ rẹ̀ kò ní tètè tẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ náà ni àkójọ iṣẹ́ Edwin Morgan wà, ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ fi joyè akéwì orílẹ̀-èdè náà lọ́dún 2004.

Lóṣù Kẹta ọdún 2011, àwọn òṣìṣẹ́ bá igi kékeré kan lórí tábìlì, ìwé ni wọ́n gé tí wọ́n fi ṣe é. Ẹni tó gbé e síbẹ̀ kò kọ orúkọ. Irú rẹ̀ tún ń yọ láwọn ilé-ìkàwé àti ibi àṣà mìíràn nílùú náà. Kó tó di ìparí ọdún, wọ́n ti di mẹ́wàá. Lẹ́tà tó bá ti ìkẹyìn wá jẹ́ kó hàn pé obìnrin ni oníṣẹ́-ọnà náà. Ọpẹ́ ló ń dá, ó ń dúpẹ́ pé ilé-ìkàwé wà fún gbogbo èèyàn.

Èyí tó wú mi lórí jù nínú iṣẹ́ Ilé-Ìkàwé Ewì yìí ni *Tools of the Trade*, ìwé ewì kékeré tó lè wọ àpò, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn dókítà tó ń gboyè jáde ní Skọ́tíláǹdì lọ́dún 2014. Ọ̀dọ́ dókítà á rí ikú àti ìrora lójoojúmọ́, kò sì sí ìwé ìṣègùn tó ń kọ́ni bí a ṣe ń gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ délé. Ẹ̀yin tí ilé-ìkàwé wà níkàáwọ́ yín nílẹ̀ Yorùbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe irú rẹ̀ fún àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tiwa, lédè tiwa.