Ìdánwò, Olùkọ́ àti Àwọn Ọmọ Wa

Ìdánwò ni òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ ibi tí ẹ̀kọ́ ọmọ dé. Ní Ọ̀fà, bí ó ti rí káàkiri Nàìjíríà, méjì ni ó ṣe gbòógì fún ọmọ tí ń parí ilé-ẹ̀kọ́ gírámà: ti àjọ WAEC, tí a dá sílẹ̀ ní 1952, àti ti JAMB, tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ní 1978. Láti wọ yunifásítì, kírẹ́díìtì márùn-ún ni a sábà máa ń béèrè.

Nítorí èyí ni ẹrù fi wúwo lórí olùkọ́. Iye ọmọ tí ó yege ni àwọn òbí fi ń díwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀. Bí oṣù ìdánwò bá ti ń sún mọ́lé, ìbéèrè àwọn ọdún tí ó ti kọjá ni a ó máa kà ní àkàtúnkà. Ohun tí kì í jáde nínú ìdánwò, a ó fi í sílẹ̀. Ọmọ lè há ìdáhùn sórí láìmọ ìdí rẹ̀.

Ní 2008, ó kan àwọn olùkọ́ pàápàá. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Kwara, nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Bọ́lájí Abdullahi jẹ́ Kọmíṣọ́nnà fún ètò ẹ̀kọ́, dán olùkọ́ 19,125 wò lórí iṣẹ́ kíláàsì kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ 75 péré ni ó dé ojú òṣùwọ̀n. Ìtìjú ńlá ni. Síbẹ̀, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni ó tẹ̀lé e. Pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ètò ESSPIN, tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náwó lé lórí, a ṣe ìwé ìlànà fún àwọn olùkọ́, tí ń tọ́ wọn sọ́nà bí wọn yóò ti kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé kíkà àti ìṣirò.

Ìpínlẹ̀ Kaduna gba ọ̀nà mìíràn ní 2017. Nínú olùkọ́ bí 33,000 tí a dán wò níbẹ̀, 21,780 ni ó fìdí rẹmi, ìjọba sì pinnu láti lé wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kí ó gba ẹlòmíràn.

Ìdánwò lè fi àìsàn hàn. Kò lè wò ó sàn. Ọ̀fà, ìlú ìjàkadì, mọ̀ pé ọjọ́ ìdíje kọ́ ni a ń kọ́ ìjà. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá mú èsì wálé, ẹ má ṣe wo máàkì nìkan. Ẹ ní kí ó ṣàlàyé ohun tí ó kọ́. Ẹ̀yin alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́, kí ẹ tó dá olùkọ́ lẹ́bi, ẹ bi í ní ohun tí ó ṣaláìní. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.