Ọwọ́ Tó Mọ Ìwọ̀n: Àlàyé Òwe Kan Nípa Fíìmù Ọmọọba Achmed

Àwọn àgbà ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í ń le koko." Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀lẹ ni òwe yìí ń gbè lẹ́yìn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òwe náà kò ní ká má mú nǹkan. Ó ní ká mú un, kí ọwọ́ wa sì mọ ìwọ̀n ohun tó ń mú. N kò tíì rí iṣẹ́ tó fi èyí hàn tó fíìmù tí Lotte Reiniger, obìnrin ará Berlin, ṣe láàárín 1923 sí 1926, tó pè ní Ìrìn-Àjò Ọmọọba Achmed.

Inú àwọn ìtàn Ẹgbẹ̀rún Òru ó lé Ọ̀kan ló ti ṣa àlọ́ rẹ̀ jọ. Oṣó kan ṣe ẹṣin tó ń fò, ó mú un lọ síbi ọjọ́ ìbí Kálífà, ó sì ní Dinarsade, ọmọbìnrin ọba, ni òun fẹ́ fi ṣe owó rẹ̀. Ó tan Achmed, arákùnrin ọmọbìnrin náà, gun ẹṣin. Ó fi bí wọ́n ṣe ń gòkè hàn án. Kò fi bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀ hàn án. Agbára ọ̀dọ́ ni Achmed fi gun ẹṣin, ẹṣin sì gbé e kọjá ìkuukùu. Ìgbà tó fara balẹ̀ yẹ ara ẹṣin wò ló tó rí ohun tó ń mú un wálẹ̀. Òwe ti ń ṣiṣẹ́ nínú ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó balẹ̀ sí erékùṣù Wak-Wak, ó rí obìnrin kan tó ń jẹ́ Pari Banu, tó bọ́ aṣọ ìyẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ láti wẹ̀ nínú adágún, ó sì gbé aṣọ náà. Ọmọ Yorùbá tó bá wo ibẹ̀ yóò rántí ìtàn ọdẹ tó rí ẹfọ̀n tó bọ́ awọ, tó di obìnrin, tí ọdẹ sì gbé awọ náà pamọ́. Aladdin àti fìtílà rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àti àjẹ́ orí òkè iná tó bá oṣó jà, tí àwọn méjèèjì ń para dà di oríṣiríṣi ẹranko.

Kò sí òṣèré kankan nínú gbogbo èyí. Páálí dúdú ni Reiniger fi àlùmọ́gàjí gé sí àwòrán àwọn ẹ̀dá inú ìtàn náà, ó fi òjé tín-ín-rín kún un, ó sì fi wáyà so apá, ọrùn àti orúnkún wọn pọ̀. Ó tẹ́ wọn sórí díńgí tí iná ń tàn lábẹ́ rẹ̀, kámẹ́rà wà lókè. Á sún ọwọ́ kan díẹ̀, wọ́n á ya àwòrán; á tún sún un, wọ́n á tún yà á. Àwòrán 24 ló ń jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan, 1,440 ló ń jẹ́ ìṣẹ́jú kan, fíìmù náà sì gùn ju wákàtí kan lọ. Bí ọwọ́ bá ti àwòrán kan kọjá ibi tó yẹ, ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́ yóò ta kìjí lójú ẹni tó ń wò ó. Níbi tí Pari Banu ti tẹ orí ba, mo máa ń gbàgbé pé páálí ni.

Kò dá iṣẹ́ náà ṣe. Carl Koch, ọkọ rẹ̀, ló ń ya àwòrán. Walter Ruttmann ṣe iná àti idán. Berthold Bartosch ṣe ìgbì òkun. Wolfgang Zeller kọ orin. Louis Hagen tó ní báǹkì ti ra fíìmù òfìfo rẹpẹtẹ nígbà tí owó Jámánì ń dòfo. Ó kó o fún Reiniger, ó sì fún un ní yàrá lórí ilé ọkọ̀ rẹ̀ ní Potsdam.

Ohun kan ń dùn mí nínú fíìmù náà: ẹni burúkú rẹ̀ ni wọ́n pè ní Oṣó Áfíríkà. Inú ìtàn Aladdin àtijọ́ ló ti wá, níbi tí oṣó ti wá láti ìhà àríwá Áfíríkà. Síbẹ̀, ọwọ́ tó fẹ̀sọ̀ gé ìka kọ̀ọ̀kan ìbá ti fẹ̀sọ̀ mú orúkọ yẹn náà.

Ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún 1926 ni wọ́n kọ́kọ́ fi í hàn ní gbọ̀ngàn Volksbühne ní Berlin, ọdún 11 ṣáájú Snow White, fíìmù àwòrán gígùn ti Walt Disney. Quirino Cristiani ti ṣe irú fíìmù àwòrán gígùn bẹ́ẹ̀ ní Ajẹntínà ní 1917, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ti ṣègbé. Ti Reiniger ló wá dàgbà jù nínú àwọn tó ṣẹ́kù. Ogun Berlin ní 1945 run ojúlówó rẹ̀. Ẹ̀dà kan tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n fi tún un ṣe, tàwọ̀tàwọ̀.

Reiniger fúnra rẹ̀ kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1949. Ọmọ Hagen oníbáǹkì, tó jẹ́ ọmọdé nígbà tí iṣẹ́ ń lọ ní Potsdam, dá ilé-iṣẹ́ fíìmù sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n sì ṣe àlọ́ lóríṣiríṣi fún tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀kan nínú wọn, ìtàn aránṣọ kékeré onígboyà, gba ẹ̀bùn ní Venice ní 1955.