Jẹ̀díjẹ̀dí: Ìtàn Orúkọ Àrùn Kan àti Ìṣesí Ojoojúmọ́ Wa

Ìfáàrà

Díẹ̀ ni àrùn tí orúkọ rẹ̀ yá lẹ́nu ọmọ Yorùbá tó jẹ̀díjẹ̀dí. Bí ọmọdé bá da ṣúgà sẹ́nu, ìyá rẹ̀ á fi jẹ̀díjẹ̀dí kìlọ̀ fún un. Bí àgbàlagbà bá ní ẹ̀yìn ń ro òun, ará ilé á ní ó ti jẹ àdídùn jù. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ọgbọ́n wà nínú ìkìlọ̀ àwọn àgbà, ṣùgbọ́n orúkọ àrùn náà gbòòrò ju bó ti yẹ lọ, ewu sì wà níbẹ̀.

Orúkọ náà àti èrò tó bí i

Inú àpólà-ìṣe "jẹ ìdí" ni orúkọ náà ti wá. A pa fáwẹ̀lì ì jẹ, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ bọ́ sórí "jẹ", a sì ṣe àpètúnpè gbogbo rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i nínú gbọ́mọgbọ́mọ àti kọ́lékọ́lé. Irú àpètúnpè bẹ́ẹ̀ a máa tọ́ka sí olùṣe. Lójú ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ, nígbà náà, nǹkan kan ló ń jẹ ènìyàn nídìí. Anthony Buckley, tó ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn wa, tó sì tẹ ìwé Yoruba Medicine jáde ní 1985, ṣàlàyé ìgbàgbọ́ wọn pé kòkòrò àti aràn ń gbé inú ara láìṣe ibi, pé oúnjẹ dídùn ló ń mú kí wọ́n kọjá àyè wọn, àti pé ohun kíkorò ló ń dá wọn padà. Abájọ tí agbo jẹ̀dí fi ń korò.

Ọ̀rọ̀ àwọn dókítà

Àlàyé ti ìṣègùn òde òní yàtọ̀. Ní 1975, Thomson fi hàn pé tìmùtìmù ẹran ara àti iṣan ẹ̀jẹ̀ wà nínú ihò ìdí gbogbo ènìyàn. Ìgbà tí wọ́n bá wú, tí wọ́n sì yọ̀ wá sísàlẹ̀, ni wọ́n di àrùn. Ṣáájú èyí, ní 1972, Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Ireland tó ti ṣiṣẹ́ ní Uganda, kọ̀wé pé àrùn yìí kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn ará oko ní Áfíríkà bó ti wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó. Ó di ẹ̀bi náà ru oúnjẹ tí a ti bó, tí a ti kù, tí kò ní fáíbà mọ́, ìyẹn apá oúnjẹ tí inú kì í dà. Ìgbẹ́ ẹni tó ń jẹ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ a máa le, á sì máa fi agbára tì í jáde.

Àdídùn àti búrẹ́dì

Oyin àti ìrèké ti wà tipẹ́, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe oúnjẹ òòjọ́. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, iṣu àti àgbàdo ni oúnjẹ òòjọ́. Láàárín 1920 sí 1930, Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè, sọ búrẹ́dì di òwò ńlá l'Ékòó. Ní 1964, ilé iṣẹ́ Bacita bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ṣúgà nílẹ̀ wa. Nígbà tí ìjọba fòfin de àlìkámà òkèèrè ní 1987, búrẹ́dì ti mọ́ wa lára débi pé a kò lè fi í sílẹ̀. Ṣúgà fúnra rẹ̀ kọ́ ni àwọn dókítà ń dá lẹ́bi, ṣùgbọ́n òun àti ìyẹ̀fun funfun jọ wọlé ni. Ẹni tó gbọ́ ìkìlọ̀ àgbà, tó yẹra fún búrẹ́dì oníṣúgà, tó padà sídìí ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, rí àǹfààní gbà, bí àlàyé rẹ̀ kò tilẹ̀ bá ti dókítà mu.

Láti orí ìlóṣòó dé orí àwo

Ibi tí a ti ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ náà yí padà. Nínú igbó àti ní ṣáláńgá, ńṣe ni a ń lóṣòó. Ìlóṣòó a máa mú kí ọ̀nà ìgbẹ́ tọ́, kò sì sí ẹni tó lè lóṣòó pẹ́ títí. Àwo ìjókòó wá sọ ibẹ̀ di ibi ìsinmi. Ẹlòmíràn á mú fóònù dání, á jókòó títí ẹsẹ̀ á fi kú. Àwọn dókítà ní kí a má pẹ́ níbẹ̀, kí a má ti ara wa, kí a má sì di ìgbẹ́ mú bó bá ń gbọ̀n wá. Omi mímu àti ìrìn rírìn náà ṣe pàtàkì.

Ìkádìí

Agbo kì í ṣe asán pátápátá: ewé bí àsúnwọ̀n òyìnbó a máa ṣu ènìyàn, ara á sì fúyẹ́. Ìtura yìí gan-an ló ń tan ni jẹ. Ẹ̀yìn ríro, ìgbẹ́ ọ̀rìn, àìlera ọkùnrin àti ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, gbogbo rẹ̀ ni a kó sábẹ́ orúkọ kan. Àrùn jẹjẹrẹ ìfun náà a máa mú kí ènìyàn ṣu ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá ń fi agbo tì í lọ́dọọdún lè dé ọ̀dọ̀ dókítà nígbà tí ẹ̀pa kò bóró mọ́. Kí a pa ìkìlọ̀ àwọn àgbà mọ́ lórí ohun tí a ń jẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá ti rí ẹ̀jẹ̀, kí a má ṣe jẹ́ kí orúkọ àrùn dí wa lọ́wọ́ àyẹ̀wò.