Ìwo Màlúù Lábẹ́ Irin Gbígbóná

Ìwo màlúù ní ihò nínú, ó sì tẹ̀. Èèkù ọ̀bẹ ń fẹ́ abala méjì tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọgbọ́n tó so méjèèjì pọ̀ ni àwọn oníṣẹ́ ìwo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi jẹun fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ohun tí èékánná wa jẹ́ ni ìwo náà jẹ́: ooru ń sọ ọ́ di rírọ̀, bó bá sì tutù, á tún le.

Ọwọ́ alápatà àti oníṣẹ́ awọ ni wọ́n ti ń rà á. Wọn á rẹ ẹ́ sínú omi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí egungun inú rẹ̀ yóò fi tú. Òórùn ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Wọn á fi ayùn gé ṣónṣó rẹ̀ tí kò ní ihò sọ́tọ̀ fún bọ́tìnnì àti orí ọ̀pá. Apá tó ṣófo ni wọ́n ń sè. Bó bá rọ̀, wọn á yá a níná, wọn á fi ọ̀bẹ la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, wọn á fi ẹ̀mú ṣí i bí ẹni ṣí ìwé, wọn á sì fún un mọ́ àárín irin pẹlẹbẹ gbígbóná tí wọ́n ti fi ọ̀rá pa lójú.

Ibi ìfúnpọ̀ yìí la ti ń mọ ọ̀gá. Bí wọ́n bá fún un gidi, á fẹ́lẹ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ á là á já. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣe ojú àtùpà nígbà tí dígí wọ́n. Ìfúnpọ̀ ti òòyà kò gbọ́dọ̀ le tó bẹ́ẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ eyín rẹ̀ á máa là. Èyí tí wọn kò bá sì jẹ́ kó tutù lábẹ́ irin, á tún ká padà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ń gé e ní méjì-méjì fún èèkù, tí wọ́n ń lu ihò sí i, tí wọ́n sì ń fi ìṣó kàn án mọ́ ìdí ọ̀bẹ lọ́tùn-ún lósì.

Láti 1284 ni orúkọ ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ìwo London ti wà nínú àkọsílẹ̀. Ọba Charles Kìíní fún wọn ní ìwé àṣẹ ní 1638. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún, John Obrisset, tí ìdílé rẹ̀ wá láti Faransé, ń tẹ àwòrán ọba sára ìdérí àpótí áṣáà tó fi ìwo ṣe. Ní Sheffield, ìlú àwọn alágbẹ̀dẹ ọ̀bẹ, eyín erin wà fún ọlọ́lá; ìwo ni ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sínú irin oníhò kó lè jọ ìwo àgbọ̀nrín, wọ́n sì ń pa á láró kó lè jọ igbá ẹ̀yìn ìjàpá òkun.

Ooru, irin oníhò, ìfúnpọ̀: ohun tí wọ́n wá ń ṣe sí ike pẹ̀lú nìyẹn. Nígbà tí Alexander Parkes ti Birmingham gbé ike rẹ̀ tó pè ní Parkesine síta ní ìpàtẹ London ní 1862, òòyà àti èèkù ọ̀bẹ wà lára ohun tó fi ṣe. Ìlú Leominster ní Massachusetts, tó ti ń fi ìwo ṣe òòyà látìgbà pípẹ́, yí sí ike. Ní 1943, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ìwo London gba iṣẹ́ ike mọ́ra. Ó tọ́ sí wọn; àwọn baba wọn ló ti mọ ọ̀nà náà tẹ́lẹ̀.

Ìwo kò sì tíì kásẹ̀ nílẹ̀. Ní Laguiole, lórí òkè Aubrac ní Faransé, níbi tí iṣẹ́ ọ̀bẹ ti padà sílé ní 1987, wọ́n ṣì ń fi ìwo màlúù ṣe èèkù. Àwọn tó ń tà á ń kìlọ̀ fún oníbàárà pé kó má rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, torí ooru tó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ náà ló lè tún ká a.