Messene: Kí Ni Ká Pe Obìnrin Tí Wọ́n Ń Bọ?

Àwa tí à ń túmọ̀ ìtàn ìwáṣẹ̀ àwọn Gíríìkì sábà máa ń kọ "akọni obìnrin" níbikíbi tí wọ́n bá ti pe ẹnì kan ní hērōinē. Lójú tèmi, orúkọ yẹn kò yẹ Messene.

Ọmọ Triopas ọba Argos ni Messene, gẹ́gẹ́ bí Pausanias ṣe kọ ọ́ ní ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn Kristi. Polycaon ló fẹ́ ẹ, ọmọ ọba Laconia, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n Polycaon ló jọba. Messene, tó mọ ilé tí wọ́n bí òun sí, kò gbà kí ọkọ òun máa gbé ayé bíi mẹ̀kúnnù. Wọ́n kó ọmọ ogun jọ láti Argos àti Laconia, wọ́n gba ilẹ̀ tó wà ní ìwọ̀-oòrùn, wọ́n sì fi orúkọ ìyàwó pe gbogbo rẹ̀. Ìtàn náà kò sọ pé ó gbé idà. Bí a bá pè é ní akọni, ojú ogun ni òǹkàwé máa wá a lọ.

Ohun tí àwọn Gíríìkì ní lọ́kàn pẹ̀lú hērōinē ni òkú ẹni ńlá tí wọ́n ń bọ, tí kì í sì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn òrìṣà. Nígbà tí Epaminondas ará Thebes gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ Sparta, tí wọ́n tẹ ìlú Messene dó ní 369 ṣáájú Kristi, wọ́n rúbọ, wọ́n ké pe àwọn ẹni àtijọ́ kí wọ́n padà wá bá wọn gbé. Messene ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ. Wọ́n kọ́ tẹ́ḿpìlì fún un, wúrà àti òkúta mábù erékùṣù Paros ni wọ́n fi ṣe ère rẹ̀.

Irú èyí kò ṣàjèjì sí wa. Ènìyàn ni Mọremí, Ifẹ̀ sì ń ṣọdún Ẹdì nítorí rẹ̀. A ti ní "òrìṣà àkúnlẹ̀bọ" lẹ́nu tẹ́lẹ̀. Kí a fi "ẹni" rọ́pò "òrìṣà", ọ̀rọ̀ ti dé: ẹni àkúnlẹ̀bọ. Ó gba ọkùnrin, ó gba obìnrin.

Ti Messenia, orúkọ tí ilẹ̀ náà ń jẹ́, kò le. Iṣẹ́ tí "ilẹ̀" ń ṣe fún wa ni ìparí orúkọ yẹn ń ṣe fún wọn, nítorí náà "ilẹ̀ Messene" ti tó. Ẹni tí ilẹ̀ sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, "olórúkọ ilẹ̀" ni mo fara mọ́.

Ẹ̀yin olùtumọ̀, ẹ bá mi fi akọni sílẹ̀ fún àwọn tó jagun.